Abo Ẹṣin Tí Wọ́n Fi Ṣe Ènì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù kẹta

Mo ti ra ẹṣin. Méjì ni mo mú bọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni mo sanwó rẹ̀.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí mo fi dé ọjà, torí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó gbọ́dọ̀ tètè jí. Àwọn ẹṣin gidi wà nínú ilé lọ́hùn-ún, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n lẹ́yìn bí ìyàwó tuntun, àwọn ọlọ́lá sì ń mu tíì níwájú wọn. Ẹ̀yìn ọjà ni tèmi wà, níbi ẹrẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí ilé ńlá kò fẹ́ mọ́ sí: èyí tó kúrú jù, èyí tí orúnkún rẹ̀ wọ́, èyí tí ìyá rẹ̀ kò bí ọmọ tó sáré rí. Gbogbo wọn ló ní ìwé ìran, gbogbo wọn ni ọmọ ilé eré ẹṣin. Ọmọ ilé eré pọ̀ lẹ́yìn ọjà bí ọmọ olówó ṣe pọ̀ nínú gbèsè.

Abo pupa kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún méjì, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Ó gé ọlọ́jà jẹ lójú mi. Mo wo ìdí rẹ̀, mo wo bí èjìká rẹ̀ ṣe tẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé pátákò rẹ̀ wò, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó rìn. Kò rìn. Wọ́n nà án, kò rìn. Àfi ìgbà tí ẹnì kan fa abo dúdú kan tó ń tiro kọjá níwájú rẹ̀, ló bá tẹ̀ lé e, ó ń gbé ẹsẹ̀ bíi pé ilẹ̀ gbóná. Mo ti rí ẹṣin mi.

"Ìyá, ẹ ò lè mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ o," ọlọ́jà wí. "Ẹ sanwó pupa, mo fi dúdú ṣe ènì."

"Kí ni mo fẹ́ fi arọ ṣe?"

"Ènì ni mo pè é, ẹ̀yin ń bi í léèrè iṣẹ́ ọwọ́."

Mo gbà á. Ta ni wọ́n fún ní ènì tó kọ̀ ọ́?

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù kẹta

Bọ̀dá dé kí n tó bọ́jú. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹṣin ló dúró sí, kò wọlé, kí ìgbẹ́ ẹṣin má baà kan bàtà rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Ẹṣin ni, Bọ̀dá mi."

"Mo rí ẹyọ kan. Èkejì tó fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró yẹn ńkọ́?"

"Ènì ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Àbúrò mi, ìwọ nìkan ló lè lọ sọ́jà lọ gba àìsàn lọ́fẹ̀ẹ́."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó bá wá. Ó ní eré ìparí sáà ni òun fún mi mọ. Bí ẹṣin mi bá wà nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, ilé ẹṣin yìí di tèmi títí mo fi máa kú, òun kò ní la ẹnu mọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí n kó kọ́kọ́rọ́ fún òun ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, torí àwọn oní-sìmẹ́ńtì ń wá ibi tí wọ́n máa kó ẹrù sí.

Mo ní mo gbọ́. Bàbá wa fi ilẹ̀ fún un, ó fi ẹṣin fún mi. Bàbá gbàgbé pé orí ilẹ̀ ni ẹṣin ń dúró sí.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kẹta

A di gàárì mọ́ Pupa lẹ́yìn lónìí. Ìyẹ́ ló gùn ún. Ọmọbìnrin Bọ̀dá ni. Gbogbo ilé ń pè é ní Ìyẹ́ torí pé bó bá jókòó sórí ẹṣin, ẹṣin á bojú wẹ̀yìn láti mọ̀ bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lórí ìjánu, ó sì fẹ́ràn ilé ẹṣin mi ju ọ́fíìsì bàbá rẹ̀ lọ. Ohun tó ń dun Bọ̀dá gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì kọ́.

Pupa gbé e ṣánlẹ̀, ó dìde, ó tún gbé e ṣánlẹ̀.

"Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni," mo sọ fún un.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ wá gùn ún ká wò ó," ó dá mi lóhùn, ẹrẹ̀ kún ẹnu rẹ̀.

Ìgbà tí a fa Ènì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Pupa tó dákẹ́. Ó gbé àgbọ̀n lé e lọ́rùn, ó mí kanlẹ̀, ó sì jẹ́ kí Ìyẹ́ jókòó sórí òun bí ẹni jókòó sórí àga. Mi ò rí ẹṣin tó bẹ̀rù àtidáwà bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù kẹrin

Òjò láti àárọ̀. Koríko gbígbẹ ti gbówó lórí. Mo bú ẹni tó ń tà á, ó ní kí n máa bú u lọ, èébú kì í dín iye ọjà kù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹrin

A bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ géètì, àpótí irin tí ẹṣin eré ń dúró nínú rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹṣin yára bí ìjì, bí kò bá ti gbà kí wọ́n ti òun mọ́ inú géètì títí wọ́n á fi tú wọn sílẹ̀, ẹran lásán ni. Èyí tí bàbá wa fi páìpù ṣe ṣì wà lẹ́yìn ilé, ó há mọ́ ẹṣin níkùn, ilẹ̀kùn kan níwájú, ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn.

Pupa rí i, ó dúró gbọnin. A fi ọkà tàn án, kò wọ̀ ọ́. A tì í, a bẹ̀ ẹ́. Mo mú pàṣán. Mo nà án títí apá fi ń ro mí. Ẹran náà kàn fi ìdí jókòó sílẹ̀ bí ajá, ó ń wò mí.

"Àǹtí, ó tó," Ìyẹ́ wí.

Mo ní kò tíì tó, mo sì gbé ọwọ́ sókè. Ibi tí mo gbé e dé nìyẹn tí Ènì fi tú ara rẹ̀ kúrò níbi tí a so ó mọ́. Ó tiro kọjá lára wa, ó wọ inú géètì, ó gba òdìkejì jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹko. Pupa dìde nílẹ̀, ó tẹ̀ lé e wọlé, bíi pé òun kọ́ la ti ń bẹ̀ láti àárọ̀.

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Àwọn èèyàn ń fi pa òwe, bàbá wa fi ń ṣiṣẹ́ ni. Nínú ilé wa, ẹṣin tó mọ ọ̀nà ló ń kọ́kọ́ wọ géètì, ọ̀dọ́ á máa tẹ̀ lé e, títí ọjọ́ tí ọ̀dọ́ náà kò fi ní nílò rẹ̀ mọ́. Láti ọ̀la lọ, arọ la fi ṣe tíṣà.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù kẹrin

Ẹ wá wo Pupa! Aládùúgbò mi, ọkùnrin tí ẹṣin kún ilé rẹ̀, tí kì í kí èèyàn, jẹ́ kí akọ rẹ̀ kan bá a sáré lórí pápá ìdánrawò. Ìrì ṣì wà lórí koríko. Ìyẹ́ kò fi pàṣán kàn án rárá. Wọ́n jọ dé ibi igi kan lójú ọ̀nà, ó sì fi akọ yẹn sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó rántí pé òun gbé ọbẹ̀ kaná.

Aládùúgbò mi ní, "Níbo lẹ ti rí i?"

Mo ní, "Lẹ́yìn ọjà yín."

Inú mi dùn débi pé mo kí alágbẹ̀dẹ tó ń kan bàtà ẹṣin, ẹni tí mo ti bá jà láti oṣù tó kọjá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù karùn-ún

Orúnkún Ènì wú. Dókítà ẹran tẹ̀ ẹ́, ó ní kò ní sáré láé, ṣùgbọ́n ó lè máa rìn báyìí fún ogún ọdún bí a bá ń bọ́ ọ. Ogún ọdún! Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ ìròyìn ayọ̀.

Ìyẹ́ fi aṣọ pupa àlòkù hun okùn orí fún un. Ó rẹwà. Okùn orí Pupa fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé òun lá gbé wa là, ti já, wáyà la fi di í.

"Ṣé Ènì ló fẹ́ lọ sáré ni?" mo bi í.

"Ẹ má jowú, Àǹtí mi. Màá hun tiyín."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀. Ọmọ yẹn kì í bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bó ṣe ń bá ẹṣin yẹn sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 25 oṣù karùn-ún

Mo ní kí Pupa dá wọ géètì lónìí, kí a mọ ibi tí a dé. Ìyẹ́ tú Ènì sílẹ̀ kó máa jẹko lọ lódìkejì, a kọjú Pupa sí ilẹ̀kùn, kò sí ẹṣin kankan tó ṣáájú rẹ̀. Ó wọlé! A fà á jáde, a tún un ṣe, ó tún wọlé. A ti ilẹ̀kùn méjèèjì mọ́ ọn, ó dúró jẹ́ẹ́, etí rẹ̀ nà síwájú. A ṣí i, ó ta jáde bí ọfà.

"Ó ti gboyè!" mo pariwo. Mo jó níbẹ̀, èmi àgbà.

Ìyẹ́ kò bá mi jó. Ó ní kí á tún un dán wò lọ́jọ́ mìíràn. Mo ní kí ló tún kù tí a fẹ́ dán wò, ó ní kò sí nǹkan.

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù kẹfà

Bọ̀dá kó àwọn oní-sìmẹ́ńtì wá láti wá wọn ògiri. Eré kò tíì yá, wọ́n ti ń wọn ògiri! Mo ń bọ́ ẹran lọ́wọ́. Wọ́n dúró níwájú Ènì, ó yọ orí síta pẹ̀lú okùn pupa rẹ̀, ó ń fi imú wá nǹkan jíjẹ nínú àpò wọn.

"Àbúrò mi ìyá kan náà nìyí," Bọ̀dá sọ fún wọn. "Ẹ wò ó dáadáa. Ó ń bọ́ arọ pẹ̀lú ọkà tí èmi gan-an ò lè fi ṣe ẹ̀kọ mu. Bí wọ́n bá fún un ní òkú ẹṣin lọ́jà, á ní kí wọ́n bá òun gbé e sọ́kọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan bi mí bóyá ilé ìwòsàn ni. Èmi náà bá wọn rín in. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé mo bá wọn rín in.

Àpò ọkà kan ṣoṣo ló kù. Eré ku díẹ̀. Pupa ti mọ géètì, ó ti mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Kí ni mo ń bọ́ ènì fún?

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù kẹfà

Mo ránṣẹ́ pe Alápatà, ẹni tó ń ra ẹṣin pa.

Ìyẹ́ kò sí nílé, ó lọ ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ agẹṣin ní ìlú kejì, ọjọ́ mẹ́ta ló máa lò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó ránṣẹ́.

Alápatà kì í pariwo. Ó kí mi, ó kí àwọn ẹṣin pẹ̀lú, ó mú ṣúgà oníhóró jáde lápò. "Ẹran tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni ẹran rẹ̀ ń rọ̀," ó ní. Ènì jẹ ṣúgà náà, ó lá ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé e gun pákó wọ inú ọkọ̀. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa kọ́kọ́ wọ ibi tó há.

Pupa ta ilẹ̀kùn nípàá títí pákó kan fi là. Ó ń yán, ó ń yán, bẹ́ẹ̀ ni Ènì ń dá a lóhùn láti inú ọkọ̀, títí ọkọ̀ fi yà ní kọ̀rọ̀.

Okùn orí pupa wà lórí rẹ̀ lọ. Mo gbàgbé láti tú u. Irọ́ ni, mi ò gbàgbé. Mi ò fẹ́ kí Ìyẹ́ dé bá a lórí ìṣó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kẹfà

Pupa kò jẹun. Á jẹ ẹ́ bí ebi bá pa á.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kẹfà

Kò tíì jẹun. Omi nìkan ló ń mu.

Ìyẹ́ dé ní ọ̀sán. Ó ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀, ó ń fò láti ẹnu ọ̀nà, kárọ́ọ̀tì méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan.

"Àǹtí, Ènì dà?"

"Mo ti tà á."

"Fún ta?"

Ó wo pákó tó là, ó wo Pupa, ó wò mí. Ó rọra gbé kárọ́ọ̀tì méjèèjì sílẹ̀, bí ẹni gbé ẹyin.

"Oúnjẹ ló wọ́n," mo ní. "Ṣé o fẹ́ kí méjèèjì kú ni?"

"Ẹ ò tà á torí oúnjẹ. Bàbá mi fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ ò sì lè ta bàbá mi."

Mo gbá a létí. Kò fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó bi mí, bí ìgbà tí tíṣà ń bi ọmọ léèrè: "Ọjọ́ tí ẹ ní Pupa dá wọ géètì, níbo ni Ènì wà?"

"Ó ń jẹko."

"Níbo?"

Òdìkejì géètì. Níwájú gan-an, tó jẹ́ pé ibikíbi tí Pupa bá wò láàárín páìpù, òun ló ń rí. Mi ò mú Ènì kúrò níwájú rẹ̀, mo kàn gbé e jìnnà díẹ̀ ni.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo ní ká tún un dán wò. Ẹ ní kí ló kù. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́, Àǹtí. Mo rò pé ẹ rí i."

A fa Pupa lọ sí géètì lójú ẹsẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ bí ajá.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù kẹfà

Mo lọ bá Alápatà. Ǹ bá ti lọ lánàá, ǹ bá ti lọ láti ọjọ́ Ajé. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí n tó rí awọ dúdú lórí ọgbà, irun rẹ̀ kọjú sí oòrùn.

"Ẹ pẹ́, Ìyá," ó ní. "Ọjọ́ yẹn náà ni." Ó gbé àga fún mi, ó fún mi lómi. Èèyàn dáadáa ni. Ó ní kò ṣòro rárá, ó ń wá ṣúgà lápò òun títí dé òpin.

Ó bi mí bóyá kí òun dá okùn orí padà, ó wà nínú ọkọ̀, òun ń fi so ẹran míì torí ó lágbára. Mo ní kó máa lò ó. Mi ò lè mú un délé.

Ọjọ́rú, 17 oṣù kẹfà

Mo ra ewúrẹ́ kan wá, wọ́n ní ó ń bá ẹṣin ṣe ọ̀rẹ́. Pupa gbé e lẹ́nu, ó jù ú sí ìta. Ewúrẹ́ náà kò tíì padà wálé.

Mo lọ bẹ aládùúgbò mi, kó yá mi ní ẹṣin àgbà kan. Ó yá mi, ó sì kí mi lónìí, àánú mi ló ṣe é. Ẹṣin náà wọ géètì, ó jáde, ó tún wọ̀ ọ́. Pupa ń wo ojú ọ̀nà. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ìyẹ́ ń wá lójoojúmọ́. Ó ń kí mi, ó ń kó ìgbẹ́ ẹṣin, ó ń gun Pupa, ó ń lọ. "Pupa ni mo ń gùn ún fún," ó ní. Mi ò bi í pé ta ni kò gùn ún fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù kẹfà

Ó jẹ ẹ̀kúnwọ́ kan. Mo sunkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù kẹfà

Eré ìparí sáà. Oòrùn mú gan-an, eruku ń fò, àwọn ọlọ́lá wà lábẹ́ ìbòòji. Mo wẹ Pupa, mo fi òróró pa á lára kí egungun rẹ̀ má baà hàn. Ó hàn.

Kí n sòótọ́: mo ṣì rò pé á wọlé. Lójú ọ̀nà, ó sáré díẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, etí rẹ̀ nà, ẹnì kan lẹ́yìn mi sì ní, "Ta ló ni pupa yẹn?" Orí mi wú.

Àwọn méje wọ géètì. Ó ku Pupa. Ìyẹ́ darí rẹ̀ wá jẹ́jẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ so ọwọ́ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tì í. Wọ́n fi aṣọ bò ó lójú. Ọ̀gá tó ń tú wọn sílẹ̀ ń wo aago. Àwọn ẹṣin inú géètì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta páìpù nípàá. Ibẹ̀ ni Pupa ti fi ìdí jókòó sílẹ̀, pẹ̀lú Ìyẹ́ lórí rẹ̀, níwájú gbogbo ayé.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń hó lé wa lórí.

"Ẹ mú un kúrò," ọ̀gá náà wí.

Géètì ṣí, àwọn méje lọ. Pupa kò tilẹ̀ wò wọ́n. Ó ti dìde, ó kẹ́yìn sí pápá, ó kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ ẹran sí, ó ń yán.

Bọ̀dá wá bá mi níbi tí mo dúró sí. Mo ti gbára dì fún ẹ̀rín rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ra ìgò omi tútù kan fún mi, ó bá mi ṣí i. "Mu ún," ó ní. "Oòrùn ti pọ̀ jù." Ǹ bá kúkú fẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù kẹfà

Ọ̀gá pápá pè mí. Pupa kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ mọ́. Ẹṣin tó bá fi ẹlòmíì sínú ewu ní géètì, òfin ni.

Mo fà á lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní ẹṣin gígùn, bóyá wọ́n á lò ó fún fífo ọ̀pá. Obìnrin tó ni ibẹ̀ ka egungun ìhà rẹ̀ lójú mi. "Ìyá, àwọn ọmọdé á máa sunkún," ó ní. Aládùúgbò mi kò gbà á. Ẹni tó tà á fún mi rántí mi dáadáa, ó bi mí pé ènì òun ńkọ́.

Ìyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ aládùúgbò mi. Ó wá dágbére. Mo ní kó dárí jì mí, mo sọ ọ́ kedere, bí ọmọdé. Ó ní, "Mo gbọ́, Àǹtí." Ó fi iwájú orí kan iwájú orí Pupa, ó pẹ́ díẹ̀, ó lọ.

Pupa tún ti kọ oúnjẹ. Ọ̀túnla ni Bọ̀dá máa gba kọ́kọ́rọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù kẹfà

Alápatà dé ní àárọ̀. Èmi ni mo pè é.

Mo ti sọ fún un kó mú èèyàn mẹ́ta dání, torí ẹran yìí kì í wọ ibi tó há. Ó mú wọn wá, pẹ̀lú okùn, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n máa fi bò ó lójú. Mo fà á jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Alápatà gbé ṣúgà fún un, kò wò ó.

Ó gbé imú sókè. Ó mí sínú. Ó yán, kò pariwo, ohùn tó fi ń kí Ènì láàárọ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni tó mú okùn, ó ti já gbà lọ́wọ́ mi, ó gun pákó, ó wọ inú ọkọ̀. Òun nìkan. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà dúró, okùn wọn wà lọ́wọ́ wọn.

Mo wọlé tẹ̀ lé e. Okùn orí pupa wà lórí ìkọ́ nínú lọ́hùn-ún, ó ti dọ̀tí, ó ti dúdú. Pupa gbé imú sínú rẹ̀, ojú rẹ̀ ti dé ìdajì. Lẹ́yìn náà, ó tẹrí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko tó wà nílẹ̀ ọkọ̀. Ó ń jẹ, mo ń gbọ́ bó ṣe ń rún un lẹ́nu.

Mi ò lè fara dà á. Mo ní, "Mi ò tà mọ́. Ẹ jẹ́ ká mú un sọ̀kalẹ̀." Mo di okùn rẹ̀ mú, mo fà á. Ó dúró gbọnin. Mo fà á, mo bẹ̀ ẹ́, mo ń pè é, mo tì í láyà. Àwọn ọkùnrin náà bá mi fà á. Ó fi ìdí jókòó sílẹ̀ bí ajá, koríko wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ pàṣán.

Alápatà dúró tì mí. Kò kán mi lójú.

"Ìyá," ó ní, "ká tiẹ̀ ní ó sọ̀kalẹ̀, ibo lẹ máa mú un lọ?"

Mo ju okùn sílẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo ní kó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 1 oṣù keje

Mo gbá ilé ẹṣin mọ́ tónítóní, mo fọ ìkòkò omi méjèèjì, mo dojú wọn bolẹ̀.

Bọ̀dá dé lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Lónìí, ó wọ inú ilé, kò sí ìgbẹ́ nílẹ̀ mọ́. Mo kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ó wo yàrá Pupa, ó wo pákó tó là.

"Ẹṣin pupa yẹn ńkọ́?"

"Ó ti wọlé," mo ní.

"Ó wọlé? Ibi tó há?"

"Ó wọlé fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tì í."

Bọ̀dá mirí, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ lu àtẹ́lẹwọ́. "O ò wá rí i," ó ní. "Sùúrù náà ló fẹ́. Sùúrù ni ìwọ kò ní láti kékeré."